Kọ́bọ́ọ̀dù Tí Kò Lè Ṣàṣìṣe

Gbogbo ohun tí mo kọ sínú ìwé mi, òtítọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn kí ẹnikẹ́ni tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Láti ojú ìwé kìn-ín-ní títí dé igba ó lé mẹ́rìnlá, ẹ ò lè rí irọ́ kan ṣoṣo níbẹ̀, bó ti wù kí ẹ wá a tó. Èmi kọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ló sọ ọ́, ẹ̀rọ kì í sì í ṣe ojúsàájú. Ẹ ó wá bi mí pé kí ló wá dé tí mi ò fi di Dókítà. Ẹ fara balẹ̀, mò ń bọ̀ níbẹ̀.

Tíṣà ìṣirò ni mí tẹ́lẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, tí wọ́n ń wo ojú fèrèsé. Nígbà tí mo pé ẹni ogójì ọdún, mo kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo ní mò ń padà sí yunifásítì lọ kọ́ lọ́jíìkì, èyí tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin bi mí bóyá wọ́n ṣe mí ni. Ìyàwó mi nìkan ló ní kí n lọ. Nọ́ọ̀sì ni, wọ́ọ̀dù àwọn àgbàlagbà ló ti ń ṣiṣẹ́, ní ilé ìwòsàn tó kọjú sí yunifásítì wa gan-an. Ó ní iṣẹ́ òun á gbé wa ró, kí n ṣáà ti parí kí ọdún mẹ́fà tí wọ́n fún mi tó pé, nítorí wọn kì í fi ọjọ́ kan kún un fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀kọ́ ọ̀hún ò le tó bí àwọn èèyàn ṣe ń fọ́nnu nípa rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ sọ pé bí èyí bá rí báyìí, ìyẹn á rí bẹ́ẹ̀, ẹ ó kọ ọ́ ní èdè tí kọ̀ǹpútà gbọ́, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn, láìfo ẹyọ kan. Kọ̀ǹpútà á wá yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ìlà kan ò bá ti inú àwọn tó ṣáájú rẹ̀ jáde, iná pupa. Bí gbogbo rẹ̀ bá tò, iná aláwọ̀ ewé. Ẹ bẹ̀ ẹ́ títí, ẹ sunkún, ẹ sọ fún un pé àgbàlagbà ni yín, kò kàn án. Ohun tí mo fẹ́ràn lára rẹ̀ nìyẹn. Níbi tí mo ti ṣe tíṣà, ọmọ ọ̀gá àgbà kì í gba òdo.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń tọ́ mi sọ́nà, Ó-tẹ̀lé-e la máa ń pè é lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ohun tí bàbá yìí ń sọ tí kò ní ti "ó tẹ̀lé e" bọ̀ ọ́. Ebi ń pa mí, ó tẹ̀lé e, mò ń lọ jẹun. Òjò ṣú, ó tẹ̀lé e, ẹ jẹ́ ká túká. Òun ló lọ bá wọn gba iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ìyàwó mi. Oògùn ń pòórá níbẹ̀, wọ́n wá fẹ́ ra kọ́bọ́ọ̀dù tuntun tí kò ní kọ́kọ́rọ́, tó jẹ́ káàdì ni wọ́n máa ń fi ṣí i, tí kọ̀ǹpútà á sì máa ṣọ́ ọ. Kí wọ́n tó gbà á wọlé, wọ́n fẹ́ kí ẹnì kan fi hàn, láìsí iyèméjì kankan, pé ẹni tí kò yẹ kó mú oògùn kò ní rí i mú. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó ní iṣẹ́ náà á sọ mí di Dókítà, ti ìwé, kì í ṣe ti abẹ́rẹ́.

Ọdún méjì gbáko ni iná pupa fi tàn sí mi lójú. Òfin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù náà. Òfin kìíní ni pé kò ní ṣí àfi tí káàdì nọ́ọ̀sì àti káàdì dókítà bá jọ wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí dára, orí pípé ni. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá ti rò pé mo ti dé òpin, kọ̀ǹpútà á rí ihò kan. Bí nọ́ọ̀sì méjì bá jọ ti káàdì wọn bọ̀ ọ́ ńkọ́? Bí agbálẹ̀ bá ti tirẹ̀ bọ̀ ọ́ sáàárín tiwọn ńkọ́, ta ló mú oògùn? Mo dí ihò kan, òmíràn yọ. Àwọn òfin yẹn pọ̀ débi pé mi ò kọ wọ́n ní kíkún mọ́, mo fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà kan. Òfin kìíní di "K" lásán. Lẹ́yìn ọdún kan, bí ẹ bá jí mi lójú oorun pé kí ni "K" ń sọ, "K" ni mo máa sọ fún yín pé ó ń sọ.

Lọ́jọ́ kan, Ó-tẹ̀lé-e bojú wo iṣẹ́ mi, ó ṣe "hẹ̀n-ẹ́n," ó ní wàhálà mi ò ju pé káàdì ń pọ̀ jù nínú ẹ̀rọ lọ. Ó ní kí n fi òfin kẹrìndínlógún kún un: káàdì kò ní ju ẹyọ kan lọ nínú kọ́bọ́ọ̀dù nígbàkígbà. "Ó tẹ̀lé e," ó ní, "ìdàrúdàpọ̀ parí."

Mo tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Kí n tó gbé ọwọ́ kúrò, iná aláwọ̀ ewé tàn. Ohun tó fi ọdún méjì kọ̀ fún mi, ó gbà á kí n tó ṣẹ́jú. Ó yẹ kí n fura. Àṣé ẹni tí inú rẹ̀ bá ń dùn kì í fura. Mo jó láàárín yàrá ìkàwé títí tí olùtọ́jú ìwé fi wá ní kí n jáde. Àwọn tó ń ṣe kọ́bọ́ọ̀dù náà tún tiwọn ṣe kíá kó lè bá òfin wa tuntun mu, Ọ̀jọ̀gbọ́n sì kọ̀wé sí ilé ìwòsàn. Wọ́n dá ọjọ́ ìdánwò mi sí ọjọ́ Túsìdeé. Apoògùn àgbà ilé ìwòsàn á jókòó ti àwọn olùdánwò, á fọwọ́ sí i níbẹ̀ lójú gbogbo wa, tó bá sì di ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, wọ́n á gbé tuntun wọlé, wọ́n á gbé àtijọ́ tó ní kọ́kọ́rọ́ jù sẹ́yìn ilé. Ní ìparí oṣù yẹn gan-an ni ọdún mẹ́fà mi máa pé.

Ní ọ̀sán Sátidé tó ṣáájú, mo ní kí ìyàwó mi jókòó gbọ́ ohun tí mo máa sọ fún wọn. Ó ní òun ò ráyè ìjókòó, aṣọ iṣẹ́ òun lòún ń lọ̀, kí n máa sọ, etí kọ́ lòún fi ń lọ aṣọ. Mo bọ́ síwájú tẹlifíṣọ̀n, mo gbé ohùn sókè, mo ka àwọn òfin náà ní kíkún fún ìgbà àkọ́kọ́ látọdún tó kọjá, nítorí ẹni tó wá gbọ́ mi ò mọ "K." Nígbà tí mo dé òfin kẹrìndínlógún, ó gbé áyọ́ọ̀nù nàró.

"Bàbá Ìbejì, ẹ dúró ná. Ẹ ní káàdì tèmi àti ti dókítà ni wọ́n gbọ́dọ̀ jọ wà níbẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mélòó nìyẹn?"

"Méjì. Kí ló dé?"

"Ẹ tún wá ní káàdì ò ní ju ẹyọ kan lọ níbẹ̀."

"Òfin kẹrìndínlógún nìyẹn."

"Kò burú. Báwo la ṣe máa wá ṣí i?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tí mo máa ń rín sí àwọn ọmọ ìwé mi nígbà tí wọ́n bá pín nǹkan sí òdo ni. Mo ní, "Ìyá Ìbejì, fetí sílẹ̀ dáadáa. Ohun tí mo fi hàn ni pé *bí* kọ́bọ́ọ̀dù bá ṣí, ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ ló ṣí i. Ṣé o gbọ́ 'bí' yẹn?"

"Mo gbọ́ ọ. Ìgbà wo ló máa ń ṣí?"

"Wọn ò bi mí nípa ìyẹn."

"Ẹn-ẹ́n," ló sọ, ó sì padà sórí aṣọ rẹ̀.

Ẹn-ẹ́n yẹn ló bà mí nínú jẹ́. Ká ní ó jà ni, ǹ bá bá a jà. Mo wọ yàrá lọ, mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo ní kí n fi òpin sí ọ̀rọ̀ rírùn. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: gbogbo ẹni tó bá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù yìí, màlúù ni. Iná aláwọ̀ ewé. Mo kọ ọ́ pé: gbogbo ẹni tó bá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù yìí, kì í ṣe màlúù. Iná aláwọ̀ ewé. Mo kọ ọ́ pé gbogbo ẹni tó bá ṣí i ti kú láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Ewé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, nítorí kì í ṣe ẹ̀bi kọ̀ǹpútà. Bí mo bá sọ fún yín pé gbogbo ọkọ̀ òfúrufú mi ni wọ́n fi wúrà ṣe, òtítọ́ ni mo sọ. Ẹ wá èyí tí kì í ṣe wúrà nínú wọn. Mi ò ní ọkọ̀ òfúrufú kankan, ta ló fẹ́ já mi nírọ́? Bí kọ́bọ́ọ̀dù mi ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó lè ṣí i láéláé, nítorí náà ohunkóhun tó bá wù yín lẹ lè sọ nípa ẹni tó ṣí i. Ọdún mẹ́fà ni mo fi kàwé kí n tó lè sọ pé ilẹ̀kùn tí wọ́n fi ìṣó kàn pa, olè ò lè gba ibẹ̀ wọlé.

Mo pe Ọ̀jọ̀gbọ́n lórí fóònù. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan màlúù.

"Ṣé ẹ̀rí rẹ tọ̀nà?" ó bi mí.

"Ó tọ̀nà, sà."

"Ṣé wọ́n ní kí o fi hàn pé ó máa ń ṣí?"

"Rárá, sà."

"Ó tẹ̀lé e, kò kàn ọ́. Ẹlòmíràn lè fi ìyẹn ṣe ìwé tirẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀." Ó ní kí n sinmi, kí n sì rí i pé mo wọ táì lọ́jọ́ Túsìdeé.

Nígbà tí mo jáde sí pálọ̀, ojú mi ti sọ ọ́ fún ìyàwó mi. Mo ní ṣé ó mọ̀ pé bí mo bá wú u síta, iṣẹ́ náà dòfo, ọdún mẹ́fà dòfo, kò sì sí àyè láti ṣe òmíràn. Ó ní òun mọ̀. Mo ní wọ́n kúkú máa rí i fúnra wọn lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọ́n á tún un ṣe.

"Ara ta ni wọ́n á ti rí i?" ó bi mí. "Ẹ dá mi lóhùn, Bàbá Ìbejì. Wọ́n á ti gbé èyí tó ní kọ́kọ́rọ́ lọ nígbà náà. Ká ní bàbá arúgbó kan wá dáwọ́ mímí dúró nínú wọ́ọ̀dù mi. Kí ni kí n sọ fún un? Kí n ní kó fọkàn balẹ̀, pé bó bá ṣí, ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ ló ṣí i?"

Inú bí mi. Ẹni tí kò bá rí èsì, ariwo ló máa ń pa, mo sì pa tèmi tó. Mo ní ìlara ló ń ṣe é. Mo ní kò fẹ́ kí wọ́n máa pe ọkọ òun ní Dókítà nígboro. Ẹ wo ìsọkúsọ tó jáde lẹ́nu àgbàlagbà. Nígbà tó rẹ̀ mí, mo wá ṣe ìlérí kan fún un. Mo ní, "Ó dáa. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí lọ́jọ́ náà pé ṣé kọ́bọ́ọ̀dù yìí máa ń ṣí, màá sọ òtítọ́ fún un. Mo ṣe ìlérí, tọkàntọkàn."

Ó ní, "Mo gbọ́, ẹ ṣeun."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí ní opùrọ́. Mo ti lọ wòran irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ nígbà méje, mo mọ ohun tí wọ́n máa ń béèrè. Ibi tí kọ́mà yẹ kó wà ni wọ́n máa ń béèrè. Kò sẹ́ni tó máa bi mí ní ìbéèrè yẹn, bí kò bá sì sẹ́ni tó bi mí, mo ti mú ìlérí mi ṣẹ, bí mo ṣe ń wa ọkọ̀ òfúrufú oníwúrà mi. Inú mi dùn sí ọgbọ́n yìí débi pé mo sùn wọra.

Ọjọ́ Túsìdeé, agogo mẹ́wàá àárọ̀, yàrá ńlá tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì. Ó-tẹ̀lé-e ló ṣe alága. Àlejò kan tó wá láti yunifásítì mìíràn láti dán mi wò jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, apoògùn àgbà sì jókòó sí ọwọ́ òsì pẹ̀lú fọ́ọ̀mù tó fẹ́ fọwọ́ sí níwájú rẹ̀. Èèyàn bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wá wò mí, ọ̀pọ̀ wọn wá nítorí ìpápánu tí wọ́n máa ń pín lẹ́yìn rẹ̀. Ìyàwó mi jókòó sí ìlà ẹ̀yìn pátápátá, ó ti wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ sọ́rùn, torí agogo méjì ló máa wọṣẹ́.

Mo sọ tèmi, kò sí ibi tí mo ti kọsẹ̀. Àlejò bi mí ìdí tí lẹ́tà kan ní ojú ìwé kọkànlélọ́gọ́ta fi tẹ̀ sápá kan. Ó bi mí bóyá mo ka ìwé kan tí òun alára kọ, mo ní mo kà á, inú rẹ̀ dùn. Ó bi mí bóyá ó dára kí á máa pe òfin ní òfin, tàbí kí á máa pè é ní àbá, ìyẹn gbà wá ní ogójì ìṣẹ́jú. Wọ́n ní òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà. Tèmi tà wìtìwìtì lọ́jọ́ yẹn, torí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Apoògùn àgbà ní òun ò ní ìbéèrè, pé ohun tóun gbọ́ jinlẹ̀ ju òun lọ, ó sì ṣí ìdérí bírò rẹ̀.

Ó-tẹ̀lé-e dìde. Ó ní gẹ́gẹ́ bí òfin ilé ìwé, àwọn tó wá wòran náà lè béèrè ohun tó bá wù wọ́n, ó sì ti ń kó ìwé rẹ̀ jọ, torí kò sẹ́ni tó máa ń béèrè nǹkan kan níbẹ̀ rí.

Ìyàwó mi nàró.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi," ó ní. "Nọ́ọ̀sì ni mí, ní wọ́ọ̀dù tí wọ́n fẹ́ gbé kọ́bọ́ọ̀dù náà sí. Ìbéèrè mi ò gùn. Ṣé ó máa ń ṣí?"

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ó-tẹ̀lé-e ló rẹ́rìn-ín jù. "Ìyàwó wa," ó ní, "ọkọ rẹ ti fi hàn kedere pé kò sí aláìlẹ́tọ̀ọ́ tó lè ṣí i. Ó tẹ̀lé e..."

"Ẹ ṣeun, sà," ìyàwó mi ní. "Òun ni mo bi."

Ẹ̀rù bà mí dé ibi tí ẹ̀rù lè ba èèyàn dé. Mo lè sọ pé mi ò tíì yẹ ìyẹn wò. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Kò sí kọ̀ǹpútà níwájú mi, kò sí iná pupa tó máa tàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n ń mi orí sí mi díẹ̀díẹ̀, irú èyí tí a máa ń mì sí ọmọdé tó fẹ́ jábọ́ lórí àga. Mo wo ìyàwó mi. Kò wò mí, ilẹ̀ ló ń wò, ó di àpò rẹ̀ mú gírígírí.

"Rárá," mo ní.

Àlejò bi mí kí ni mo sọ.

"Kì í ṣí, sà. Kò lè ṣí láé. Òfin kìíní ní kí káàdì jẹ́ méjì, òfin kẹrìndínlógún ní kò gbọdọ̀ ju ẹyọ kan lọ. Gbogbo ohun tó wà nínú ìwé mi, òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n òtítọ́ nípa ẹni tí kò sí ni."

Apoògùn àgbà ṣí ojú ìwé kìn-ín-ní, ó fi ìka tọ òfin kìíní, ó ṣí ojú ìwé tó kẹ́yìn, ó fi ìka tọ èyí tó kù. Kò gbà á ní àkókò ju bó ṣe gba ìyàwó mi lọ. Ó dé bírò rẹ̀, ó ká fọ́ọ̀mù náà sí méjì, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wa.

Wọ́n jáde lọ gbìmọ̀, wọ́n padà wá. Àlejò ní òun ò rí irú rẹ̀ rí, pé kò sí àṣìṣe kankan nínú iṣẹ́ náà, kò sì sí iṣẹ́ kankan nínú rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ka ìpinnu wọn láìwo ojú mi: wọn ò lè fún mi ní oyè, ọjọ́ mi ò sì tó láti ṣe òmíràn mọ́. Wọ́n pín ìpápánu. Àwọn èèyàn jẹ ẹ́.

Ìyàwó mi dúró dè mí lórí àtẹ̀gùn. Mo ti to gbogbo èébú tí mo fẹ́ bú u sẹ́nu, wọ́n sì pọ̀. Mo ní, "Ṣé o ti rí ohun tí o ṣe fún mi?"

Ó gbé ojú sókè, mo rí i pé ó ti ń sunkún tipẹ́.

"Mo rí i," ó ní. "Ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ pàdánù rẹ̀, Bàbá Ìbejì. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń sọ fún wọn ní ibiṣẹ́ pé ìyàwó Dókítà ni mí."

Mi ò mọ ìyẹn. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń ronú, kò sì sọ sí mi lọ́kàn rí. Gbogbo èébú tí mo tò sẹ́nu ni mo gbé mì. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó wo aago, agogo méjì ti fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá. Mo gba àpò ọwọ́ rẹ̀, a sì jọ sáré sọdá títì lọ sí wọ́ọ̀dù rẹ̀.